Lífìtì Kò Ṣiṣẹ́: Àwa Èrò Ńkọ́?

Láti ọwọ́ Akọ̀wé Ẹgbẹ́

Èyí tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò lóṣù yìí jẹ mọ́ orúnkún wa, àkókò wa àti owó ọkọ̀ wa. Ọ̀rọ̀ ìwé pélébé tí wọ́n máa ń lẹ̀ mọ́ ara lífìtì ní ibùdókọ̀ rélùwéè ni, tí wọ́n á kọ “Out of Order” sí i, tí wọ́n á sì bá tiwọn lọ.

Mo mọ̀ pé ẹlòmíì á ti máa sọ lọ́kàn rẹ̀ pé, “Akọ̀wé, kí ló pa ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù pọ̀ mọ́ lífìtì?” Ẹ fara balẹ̀ ná. Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹsàn-án, ọdún 2023, ni rélùwéè Blue Line bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò láti Marina dé Mile 2, kìlómítà 13, ibùdókọ̀ márùn-ún. Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹwàá, ọdún 2024, Red Line náà bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò láti Agbádó dé Òyìngbò, kìlómítà 27, ibùdókọ̀ mẹ́jọ. Mushin wà nínú mẹ́jọ yẹn, Yaba náà wà níbẹ̀, àwọn méjèèjì ló sì súnmọ́ àwa ará Ìdí-Àràbà. Ẹni tó ń ti Agége bọ̀ wá sí ìpàdé wa, ẹni tó ń ti Ìjú gbé ọjà wá, ẹni tó ń ti Agbádó wá ṣiṣẹ́ òru ní ọsibítù, rélùwéè lè jẹ́ ọ̀nà wọn. Ohun tó bá sì dí ọ̀nà mọ́ ọmọ ẹgbẹ́ lójú, ó dí i mọ́ ẹgbẹ́ lójú náà.

ÀTẸ̀GÙN KÌ Í ṢE ERÉ

Nígbà tí òyìnbó la irin láti Ìddó dé Ìbàdàn, tí wọ́n sì ṣí i fún èrò ní ọdún 1901, Èkó ò tíì kún tó báyìí. Ààyè wà nílẹ̀. Èrò á rìn wọlé, á ra tíkẹ́ẹ̀tì, á gun ọkọ̀. Ti òde òní yàtọ̀. Ilẹ̀ ti há, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ àti ọkọ̀ ojú irin ò sì lè máa du ojú ọ̀nà kan náà. Orí afárá ni irin Blue Line ń gbà ní ibi púpọ̀. Lójú ọ̀nà Red Line, irin wà nílẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ èrò ló ń gòkè kọjá lórí irin náà kó tó sọ̀ kalẹ̀ sí pèpéle tí ọkọ̀ tirẹ̀ máa dúró sí. Ìyẹn ni pé kí a tó débi ọkọ̀, a ó gòkè. Nígbà míì, a ó gòkè tán, a ó tún sọ̀. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń fi lífìtì sí ibùdókọ̀ ìgbàlódé.

Ọmọ ogún ọdún tí ara rẹ̀ le lè fò ó gòkè bí ewúrẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo irú àdúgbò tí àwa ń gbé. Àárín wa níbí ni ọsibítù LUTH wà, tí òfin dá sílẹ̀ ní ọdún 1961. Igbóbì tí wọ́n ti ń to eegun ò jìnnà sí wa. Ó ti pẹ́ tí tiyẹn ti bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n ń tọ́jú àwọn sójà tó fara gbọgbẹ́ nínú ogun Hitler. Àwọn tó ń wá sí ọsibítù méjèèjì yìí kò wá ṣe fàájì. Aboyún wà nínú wọn, ẹni tó ń fi ọ̀pá rìn wà níbẹ̀, ẹni tí làkúrègbé mú lórúnkún wà níbẹ̀, ẹni tí ọkàn rẹ̀ kì í jẹ́ kó mí dáadáa tó bá gun òkè wà níbẹ̀. Ẹ tún fi ìyá tó pọn ọmọ sẹ́yìn, tó fa òmíràn lọ́wọ́, kún un. Ẹ fi ìyá tó ru apẹ̀rẹ̀ tòmátì kún un. Ẹ fi àwọn àkàndá ẹ̀dá tó ń jókòó sórí àga onítáyà kún un, àwọn tó jẹ́ pé àtẹ̀gùn mẹ́ta péré ti tó láti dá wọn padà sílé.

Fún irú àwọn èèyàn báyìí, lífìtì ni ọ̀nà gan-an. Ẹ̀rọ sì ni lífìtì. Kò sí ẹ̀rọ tí kì í dákú. A ò bá ẹnikẹ́ni jà pé lífìtì dúró. Ohun tí a ń béèrè ni pé tí ọ̀nà bá dí, kí wọ́n sọ fún wa bó ṣe dí, ibi tó dí dé, àti ibi tí a lè yà sí.

ÌWÉ TÓ SỌ̀RỌ̀ TÍ KÒ SỌ NǸKAN KAN

Ìkéde kíkọ wà lára iṣẹ́ akọ̀wé, nítorí náà mo lè sọ díẹ̀ nípa rẹ̀. Ká ní mo lẹ ìwé mọ́ ara ògiri ọ́fíìsì wa, mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé, “Ìpàdé yóò wáyé láìpẹ́. Ẹ má ṣe bínú fún ìnira tí èyí lè fà.” Ta ló máa wá? Ẹ óò bi mí pé ọjọ́ wo, aago mélòó, níbo, àti pé kí la fẹ́ sọ. Bí mi ò bá dáhùn mẹ́rin yìí, ẹ lè yọ mí nípò akọ̀wé, ẹ ò sì ní jẹ̀bi.

Ẹ wá wo irú ìwé tí à ń rí lára lífìtì káàkiri ilẹ̀ wa, ìbáà ṣe ilé ìjọba, ilé ìfowópamọ́ tàbí ibùdókọ̀. “Out of Order.” “Under Maintenance.” “Temporarily Out of Service, Sorry for the Inconvenience.” Wọ́n tọrọ àforíjì tán, wọn ò sọ ọjọ́. Wọ́n ní fún ìgbà díẹ̀ ni, wọn ò sọ ìgbà tí ìgbà díẹ̀ yẹn bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó kà á lónìí ò mọ̀ bóyá àárọ̀ yìí ni wọ́n lẹ̀ ẹ́ ni àbí ọdún tó kọjá. Ìgbà míì, òòrùn ti pa íǹkì rẹ̀, etí ìwé náà ti ká. Ìyẹn nìkan ni èrò á fi mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti pẹ́. Ṣé ó yẹ kí èèyàn máa fojú íǹkì wo ọjọ́ orí ìkéde?

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, tó bá dénú rẹ̀ á di odidi. Òwe yẹn dára láàárín àgbà méjì tó mọ ara wọn. Kò dára lára lífìtì. Ẹni tó gbé àga onítáyà dé ẹnu ilẹ̀kùn tó tì, odidi ọ̀rọ̀ ló nílò.

ÌDÁDÚRÓ MẸ́RIN, ORÚKỌ KAN ṢOṢO

Ẹ jẹ́ ká wo inú ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Ohun tó lè mú kí lífìtì dúró pọ̀, àmọ́ fún èrò, ọ̀nà mẹ́rin ló pín sí.

Èkíní ni iná. Tí iná mànàmáná bá lọ, tí jẹnẹrétọ̀ ò sì tíì gbé e, lífìtì á dúró. Èyí lè má ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Ẹni tó bá mọ̀ bẹ́ẹ̀ á jókòó, á sinmi, á sì gòkè nígbà tí iná bá dé.

Èkejì ni àyẹ̀wò. Ẹ̀rọ tó ń gbé èèyàn gòkè ní láti máa rí ẹnjinníà déédéé. Wọ́n á wo okùn irin tó gbé e dání, wọ́n á wo bíréèkì rẹ̀, wọ́n á wo ilẹ̀kùn rẹ̀, nítorí ilẹ̀kùn tó ń ṣí tó ń tì ní gbogbo ìgbà ló sábà máa ń kọ́kọ́ ní àléébù. Ìdádúró yìí ti ní ọjọ́ àti wákàtí tẹ́lẹ̀. Wọ́n lè kéde rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, kí ẹni tó ní àpọ́ínmẹ́ǹtì dókítà lè gba ọ̀nà míì.

Ẹ̀kẹta ni ìbàjẹ́ tó ń dúró de páàtì. Ọ̀pọ̀ páàtì lífìtì, láti òkè òkun ni wọ́n ti ń wá. Èyí lè gba ọ̀sẹ̀, ó lè gba oṣù. Ẹni tó bá mọ̀ bẹ́ẹ̀ kò ní dúró rárá. Á wá ibùdókọ̀ míì tàbí kó wọ bọ́ọ̀sì.

Ẹ̀kẹrin ló ń ya èèyàn lẹ́nu jù: lífìtì tó dára pátápátá, tó jẹ́ pé wọ́n tì í pa ni. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ kan, wọ́n sì ń ṣí i fún ẹni tó bá béèrè. Ẹni tí kò bá béèrè, á rò pé ó bàjẹ́ ni, á sì fi ẹsẹ̀ tó ń ro ó gun àtẹ̀gùn.

Ẹ ṣàkíyèsí pé ohun tó yẹ kí èrò ṣe yàtọ̀ nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Nínú èkíní, kó dúró. Nínú èkejì, kó wá ní ọjọ́ míì tàbí wákàtí míì. Nínú ẹ̀kẹta, kó yà gba ibòmíràn. Nínú ẹ̀kẹrin, kó pe òṣìṣẹ́. Ìwé kan ṣoṣo tó wí pé “Kò ṣiṣẹ́” ti da mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀ mọ́ra bí ẹní da iyọ̀, ṣúgà, gààrí àti yanrìn sínú àpò kan. Èyí ni kókó ọ̀rọ̀ mi: ìkéde lífìtì ò gbọ́dọ̀ dúró sórí ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ nìkan, ó yẹ kó sọ ohun tí èrò máa ṣe.

“LÍFÌTÌ KEJÌ”: ÌKEJÌ ÈWO?

Ìdààmú tó tún wà ni ti orúkọ. Ẹni tó kọ ìkéde mọ ibùdókọ̀ náà bí ẹní mọ inú ilé rẹ̀. Á kọ ọ́ pé “Lift 2 kò ṣiṣẹ́.” Èrò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé láti títì ò mọ èyí tó jẹ́ ìkíní, ká má tíì sọ ìkejì. Ṣé láti apá ọ̀tún ni wọ́n ti ka á ni, àbí láti apá òsì? Ṣé èyí tó ń gbéni láti títì lọ sókè ni, àbí èyí tó ń gbéni láti òkè sọ̀ sí pèpéle? Èèyàn lè gun lífìtì àkọ́kọ́ tayọ̀tayọ̀, kó dé òkè kó tó mọ̀ pé èyí tó máa sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sọ́dọ̀ ọkọ̀ ló kú. Ó ti há sójú agbede méjì. Kò dé ọ̀dọ̀ ọkọ̀, kò sì sí nílẹ̀ mọ́.

Ìṣòro yìí kò mọ sí ọ̀dọ̀ wa. Ní New York, níbi tí ibùdókọ̀ rélùwéè abẹ́ ilẹ̀ ti jẹ́ 472, lẹ́tà EL pẹ̀lú nọ́ńbà ni wọ́n fi ń pe lífìtì wọn. Ó rọrùn fún ẹnjinníà tó ń kọ ọ́ sínú ìwé iṣẹ́ rẹ̀. Fún ìyá arúgbó tó ń ti ọjà bọ̀, nọ́ńbà lásán ni. Nítorí náà wọ́n tún máa ń kọ ibi tí lífìtì náà ti gbéra àti ibi tó ń lọ sí i. Ní London, níbi tí àwọn ọmọ wa kún fọ́fọ́, pàápàá ní Peckham àti agbègbè rẹ̀, àmì àga onítáyà méjì ló wà lórí àwòrán ọ̀nà rélùwéè wọn. Èyí tó wà nínú búlúù ń sọ pé láti títì títí dé inú ọkọ̀, kò sí àtẹ̀gùn rárá. Èyí tó wà nínú funfun ń sọ pé láti títì dé pèpéle nìkan ni. Láti pèpéle bọ́ sínú ọkọ̀, àlàfo tàbí ìgbésẹ̀ lè wà níbẹ̀. Ẹni tí kò mọ ìyàtọ̀ búlúù àti funfun lè dé etí ọkọ̀ kó má lè wọ̀ ọ́. Bí àmì bá wà tí ìtumọ̀ rẹ̀ ò tàn kálẹ̀, àmì náà ti di àdììtú.

Àtúnṣe rẹ̀ ò gba owó púpọ̀. Ẹ pe lífìtì ní orúkọ ibi tó ń lọ. “Lífìtì tó ń lọ sí pèpéle Òyìngbò.” “Lífìtì tó ń lọ sí pèpéle Agbádó.” “Lífìtì láti títì dé ibi tíkẹ́ẹ̀tì.” Kò sí ọmọ Èkó tí kò ní yé.

Ẹ KỌ́ Ẹ̀KỌ́ LỌ́DỌ̀ KỌ̀ŃDÓ

A máa ń bú àwọn kọ̀ńdọ́kítọ̀ dánfó pé ẹnu wọn le. Àmọ́ nínú ọ̀rọ̀ ìkéde, wọ́n lè kọ́ ọ̀pọ̀ ọ̀gá níwèé. Ẹ gbọ́ kọ̀ńdó: “Ọ̀ṣòdì! Ọ̀ṣòdì! Ẹ mú ṣéńjì yín dání o, mi ò ní ṣéńjì!” Ó ti sọ ibi tó ń lọ. Ó ti sọ ohun tó lè fa wàhálà. Pàtàkì jù, ó sọ ọ́ nígbà tí ẹsẹ̀ yín ṣì wà nílẹ̀. Kò dúró dìgbà tí ẹ bá dé Ìyànà Ìsọlọ̀ kó tó wí pé òun ò ní ṣéńjì.

Ìkéde lífìtì sábà máa ń ṣe òdìkejì rẹ̀. Ara ilẹ̀kùn lífìtì fúnra rẹ̀ ni wọ́n máa ń lẹ̀ ẹ́ mọ́. Kí èrò tó dé ibẹ̀ kó kà á, ó ti fi káàdì Cowry kan ẹ̀rọ, ó ti wọlé, ó ti rìn gba géètì kọjá. Ibi tó yẹ kó ti pàdé ìkéde náà ni ẹnu ọ̀nà ìta, lójú títì, níbi tó ti lè yí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ padà láìpàdánù kọ́bọ̀. Ó tún yẹ kó pàdé rẹ̀ ní ibùdókọ̀ tó ti gbéra. Ẹni tó fẹ́ sọ̀ ní Yaba, Agége ló yẹ kó ti gbọ́ pé lífìtì Yaba dúró, kí ó lè pinnu bóyá Mushin lòun máa sọ̀ sí. Tó bá jẹ́ ìgbà tó dé Yaba ló tó gbọ́, kí ló fẹ́ ṣe? Orí pèpéle ló máa sùn ni?

Ọ̀rọ̀ èdè náà wà níbẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni wọ́n sábà máa ń fi kọ ọ́, ti àwọn ọ̀gá ọ́fíìsì. Èrò tó ń wọ rélùwéè l'Ékòó gbọ́ Yorùbá, ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì àdàmọ̀dì, Haúsá àti Ígbò wà láàárín wọn. Kí wọ́n fi Yorùbá kún un ò le. Ẹni tí kò mọ̀wé rárá ńkọ́? Àwòrán lífìtì tí wọ́n fi ìlà pupa dábùú, pẹ̀lú ọfà tó tọ́ka sí ọ̀nà míì, tó fún un. Afọ́jú ò lè rí ìwé tàbí àwòrán. Gbohùngbohùn tó ń kéde ọkọ̀ tó ń bọ̀, ẹ jẹ́ kó kéde lífìtì tó dúró náà.

OHUN TÍ NỌ́ŃBÀ KAN LÈ ṢE

Ó pẹ́ tí àwọn ará London ti ń bá lífìtì rélùwéè yí. Nígbà tí wọ́n ṣí rélùwéè oníná abẹ́ ilẹ̀ wọn àkọ́kọ́ ní oṣù kejìlá, ọdún 1890, lífìtì tí agbára omi ń gbé ni wọ́n fi ń sọ èrò kalẹ̀. Títí di òní, àwọn ibùdókọ̀ kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ lífìtì ni gbogbo èèyàn ń wọ̀, tí àtẹ̀gùn sì wà fún ọjọ́ pàjáwìrì. Èyí tó ń jẹ́ Covent Garden ní àtẹ̀gùn 193. Hampstead, tó jìn sísàlẹ̀ ju gbogbo wọn lọ, ní 320.

Ẹ wo ohun tí wọ́n ṣe. Wọ́n kọ iye àtẹ̀gùn náà sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Wọn ò kàn sọ pé “Àtẹ̀gùn pọ̀,” nítorí ohun tó pọ̀ lójú ọmọdé yàtọ̀ sí ohun tó pọ̀ lójú àgbà. Wọ́n sọ pé 193. Ẹni tó mọ orúnkún rẹ̀ á bá orúnkún rẹ̀ gbìmọ̀, àwọn méjèèjì á pinnu. Nọ́ńbà kan ṣoṣo ti sọ èrò di ẹni tó ń yan ohun tó tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ohun tí èyí gbà ò ju kí òṣìṣẹ́ kan gun àtẹ̀gùn náà lẹ́ẹ̀kan, kó máa kà á bó ṣe ń lọ.

Kò túmọ̀ sí pé ọ̀ràn wọn ti tán lọ́hùn-ún. Nínú ibùdókọ̀ 272 tí rélùwéè abẹ́ ilẹ̀ London ní, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ló ṣeé wọ̀ láìgun àtẹ̀gùn. Ní New York, ilé ẹjọ́ ni wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà dé. Nínú àdéhùn tí wọ́n ṣe ní ọdún 2022, wọ́n ṣèlérí pé tó bá fi máa di ọdún 2055, ó kéré tán ìdá márùndínlọ́gọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ibùdókọ̀ tí kò ṣeé wọ̀ láìgun àtẹ̀gùn ni wọ́n á ti tún ṣe. Ẹ gbọ́ ọdún tí wọ́n dá o, 2055! Ìlú tó ti ní rélùwéè abẹ́ ilẹ̀ láti 1904 ń sanwó ohun tí kò ṣe nígbà tó ń kọ́lé. Tiwa ṣì tuntun. Ìgbà tí nǹkan bá ṣì tuntun ni àṣà rere rọrùn láti gbìn.

ÌKÉDE TÓ TI GBÓ, EWU NI

Ìkéde tí kò sọ ọjọ́ ní àléébù míì tí a kì í tètè ronú kàn. Tí wọ́n bá tún lífìtì ṣe tán, tí wọn ò já ìwé náà kúrò, èrò á máa rí ìwé “Kò ṣiṣẹ́,” á sì máa rí àwọn èèyàn tó ń wọ̀ ọ́. Kí ni èyí ń kọ́ wọn? Ó ń kọ́ wọn pé irọ́ ni ìwé ara lífìtì ń pa. Ní ọjọ́ tí ìwé náà bá wá sọ òótọ́, wọn ò ní gbà á gbọ́. Wọ́n á tẹ bọ́tìnì, wọ́n á wọlé.

Ẹ má jẹ́ ká fi èyí ṣeré. Ẹ̀rọ tó dáńgájíá ni lífìtì tí wọ́n bá ń tọ́jú rẹ̀. Ní ọdún 1854, ọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Elisha Otis dúró sórí lífìtì rẹ̀ lójú ọ̀pọ̀ èèyàn ní New York, ó ní kí wọ́n gé okùn tó gbé e dání. Wọ́n gé e, lífìtì ò já lulẹ̀, nítorí bíréèkì tó ṣe sí i di irin ẹ̀gbẹ́ mú. Láti ìgbà náà ni bíréèkì bẹ́ẹ̀ ti wà lára lífìtì. Ṣùgbọ́n bíréèkì tí wọn ò yẹ̀ wò, bí ẹni pé kò sí ni. Gbogbo wa la ṣì rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Èkó yìí ní ọjọ́ 1 oṣù kẹjọ, ọdún 2023, nígbà tí lífìtì já lulẹ̀ pẹ̀lú ọ̀dọ́mọbìnrin dókítà kan ní ilé àwọn dókítà, ní General Hospital tó wà ní Ọ̀dàn, ní Erékùṣù Èkó. Ọmọ náà kú. Àwọn dókítà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ pé ó pẹ́ tí àwọn ti ń ké gbàjarè lórí lífìtì náà. Kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere.

Nítorí náà, tí ẹ bá rí ìwé lára lífìtì, ẹ gbà á gbọ́, kódà tó bá ti gbó. Ẹ béèrè lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ kí ẹ tó wọ̀ ọ́. Àmọ́ àwọn tó ń lẹ̀ ẹ́ náà gbọ́dọ̀ ràn wá lọ́wọ́ kí ó lè ṣeé gbà gbọ́: kí wọ́n kọ ọjọ́ sí i, kí wọ́n já a ní wákàtí tí iṣẹ́ bá parí.

ÒFIN TI WÀ NÍLẸ̀

Ohun tí à ń béèrè kì í ṣe ojú rere. Ìjọba Èkó ṣe òfin àwọn àkàndá ẹ̀dá ní ọdún 2011, òun ló sì dá ọ́fíìsì LASODA sílẹ̀. Ní oṣù kìíní, ọdún 2019, Ààrẹ Buhari buwọ́ lu òfin àpapọ̀ tó lòdì sí fífi ojú ẹ̀tẹ̀ wo àwọn àkàndá ẹ̀dá. Òfin yẹn fún àwọn tó ni ilé tí gbogbo èèyàn ń lò ní ọdún márùn-ún láti tún un ṣe kí ó lè ṣeé wọ̀ fún wọn. Ọdún márùn-ún náà pé ní oṣù kìíní, ọdún 2024. Rélùwéè náà wà nínú ohun tí òfin náà dárúkọ.

Èrò tèmi ni pé lífìtì tó wà, tí èèyàn ò mọ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́ àbí kò ṣiṣẹ́, kò tíì mú òfin yẹn ṣẹ. Àǹfààní tí a ò lè fọkàn tán, ìdajì àǹfààní ni. Ẹni tó ń lo àga onítáyà, tó bá ti há sókè lẹ́ẹ̀kan, kò ní wá mọ́. Wọ́n á wá sọ pé, “Ẹ wò ó, a kọ́ lífìtì, àwọn àkàndá ẹ̀dá ò wá lò ó.”

BÓ ṢE YẸ KÓ RÍ

Kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé akọ̀wé mọ àléébù wí, kò mọ àtúnṣe wí, mo ti kọ àpẹẹrẹ kan sílẹ̀. Àpẹẹrẹ lásán ni o:

“LÍFÌTÌ TÓ Ń LỌ SÍ PÈPÉLE ÒYÌNGBÒ KÒ ṢIṢẸ́. Ó dúró láti ọjọ́ Ajé, aago méje àárọ̀. Ilẹ̀kùn rẹ̀ ló bàjẹ́, à ń retí páàtì. A rò pé yóò ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ Ẹtì. Lífìtì tó ń lọ sí pèpéle Agbádó ń ṣiṣẹ́. Àtẹ̀gùn tó wà níbí jẹ́ 44, ọ̀pá ìdìmú wà lára rẹ̀. Ẹni tí kò bá lè gun àtẹ̀gùn, kó rí òṣìṣẹ́ ẹnu géètì kó tó fi káàdì kan ẹ̀rọ. A kọ èyí ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago mẹ́jọ àárọ̀. A ó tún un kọ ní ọ̀la.”

Ìwé kan ṣoṣo gba gbogbo rẹ̀. Ó sọ lífìtì wo, láti ìgbà wo, nítorí kí ni, di ìgbà wo, èwo ló ń ṣiṣẹ́, kí ni èrò lè ṣe, àti ìgbà tí wọ́n kọ ọ́. Ìlà tó gbẹ̀yìn yẹn ṣe pàtàkì gan-an. Ìkéde tó bá sọ ọjọ́ tí wọ́n kọ ọ́ ń jẹ́ ká mọ̀ pé ẹnì kan ṣì ń bójú tó ọ̀rọ̀ náà. Bí ọjọ́ Ẹtì bá dé tí páàtì ò dé, kí wọ́n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Èrò Èkó lè fara da ìdádúró; ohun tó ń bí wọn nínú ni kí wọ́n máa fi wọ́n sílẹ̀ nínú òkùnkùn.

OHUN TÍ ẸGBẸ́ LÈ ṢE

Èkíní, kí olúkúlùkù máa béèrè kó tó sanwó. “Ẹ jọ̀ọ́, ṣé lífìtì ń ṣiṣẹ́ níbí? Ṣé ó ń ṣiṣẹ́ níbi tí mò ń lọ?” Ẹ má tijú. Bí èèyàn ogún bá béèrè láàárọ̀ kan, òṣìṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ á lọ kọ ìwé tó yéni, kó lè sinmi ẹnu rẹ̀.

Èkejì, ẹni tó bá rí ìkéde tó rújú, kó kọ orúkọ ibùdókọ̀ náà sílẹ̀, kó kọ ọjọ́ àti wákàtí, kó kọ ohun tó wà lára ìwé náà gẹ́lẹ́, kó mú un wá fún mi. Ẹni tó ní fóònù tó ń ya fọ́tò, kó yà á. Èyí tó bá dára náà, ẹ mú un wá, kí a lè gbóríyìn fún wọn. LAMATA ni iṣẹ́ rélùwéè méjèèjì wà lábẹ́ rẹ̀. Lẹ́tà tó ní ọjọ́, ibi àti àpẹẹrẹ nínú lágbára ju ìráhùn ọgọ́rùn-ún èèyàn nínú bọ́ọ̀sì lọ. Mo fẹ́ kí ìpàdé gbogbogbòò wa tó ń bọ̀ fọwọ́ sí i pé kí ẹgbẹ́ kọ irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀, kí a fi àpẹẹrẹ ìkéde òkè yìí mọ́ ọn.

Ẹ̀kẹta, ẹ̀yin ọ̀dọ́ inú wa, tí ẹ bá rí àgbà tó dúró síwájú lífìtì tó tì, tó ń wo ìwé, tó tún ń wo àtẹ̀gùn, ẹ má kọjá lọ. Ẹ gba ẹrù ọwọ́ rẹ̀. Ẹ bá a pe òṣìṣẹ́. Ìdí tí a fi dá owó jọ nínú ẹgbẹ́ yìí ni pé ẹrù tó wúwo fún ẹnì kan máa ń fúyẹ́ lórí ọ̀pọ̀ èèyàn, bẹ́ẹ̀ náà sì ni ẹrù orí àtẹ̀gùn.

Ẹ kú ojú lọ́nà ìpàdé. Ọjọ́ rẹ̀, aago rẹ̀, ibi tí a ó ti ṣe é àti ohun tí a ó sọ níbẹ̀ wà lójú ewé tó gbẹ̀yìn.